Fáírọ́ọ̀sì Ṣeé Wò Sàn, Àṣírí Tó Tú Kò Ṣeé Kó Jọ

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà máa ń gbé wá síwájú àwa tí a ń fi títún kọ̀ǹpútà ṣe jẹun ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, kò sí èyí tó wọ́pọ̀ tó ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan fáírọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ni. Bí ó bá ń gbóná ju bó ti yẹ lọ, fáírọ́ọ̀sì ni. Bí ó bá ṣàdédé kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ ku díẹ̀ kó parí, fáírọ́ọ̀sì náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn òbí wa máa ń pe gbogbo ohun tó bá mú ara gbóná ní ibà, tí wọ́n á sì ti gbé àgbo kaná kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe aláìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ohun tí a sábà máa ń bá nídìí rẹ̀ ni eruku tó ti dí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, tàbí dísìkì tó ti gbó, tàbí ọṣẹ́ tí iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ṣe é. N kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, bí kò ṣe pé ẹ̀sùn tí a bá kó lé ẹni tí kò ṣẹ̀ lórí, ṣe ló ń fún ẹni tó ṣẹ̀ ní ààyè láti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀, ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, láti ìgbà tí dísíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà lóde títí di ìsinsìnyí tí fóònù ti di ohun tí aláṣọ àti aláta ń lò, ni pé àìsàn tó ní oògùn ni a ń pariwo lé lórí, èyí tí kò ní oògùn ni a ń fi ọwọ́ ara wa gbà wọlé.

Kí a tó dé orí èyí tí kò ní oògùn, ẹ jẹ́ kí a fún fáírọ́ọ̀sì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí bí a bá tilẹ̀ kórìíra ọ̀bọ, a ó gbà pé ó mọ igi gùn. Àkójọ àṣẹ ni, tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara jókòó kọ, tí ó sì kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn láìgba àṣẹ olóhun. Àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn, arìnrìn-àjò tí kì í san owó ọkọ̀, abiyamọ tí kì í lóyún tó sì ń bímọ bẹẹrẹ. A-wọlé-má-kíni, a-jókòó-má-dìde, a-gbalé-lọ́wọ́-onílé. Èyí tó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ láàárín ẹ̀rọ IBM PC ni èyí tí wọ́n pè ní Brain, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ìlú Lahore ní orílẹ̀-èdè Pakistan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, tú sílẹ̀ ní ọdún 1986. Ohun tó jẹ́ ìyanu nínú ìtàn wọn ni pé àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí kọ orúkọ ara wọn, àdírẹ́ẹ̀sì ibi iṣẹ́ wọn àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn sínú rẹ̀ gbangba gbàǹgbà, wọ́n sì ní àwọn tó ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ àwọn láìsanwó ni àwọn ń fi í wá. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí? Ẹni tó ń wọlé lónìí kì í fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tiwa ló ń kó lọ.

Ọdún 2000 ni ọ̀rọ̀ náà yí padà níṣojú gbogbo ayé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, lẹ́tà kan jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines tí àkọlé rẹ̀ ń wí fún ẹni tó bá gbà á pé ẹni tó fi ránṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Kò sì pẹ́ rárá tí ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Pentagon, àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London, fi ní láti ti ètò lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà wọn pa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Onel de Guzman ni wọ́n fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá inú ìwé òfin ilẹ̀ rẹ̀, kò sí òfin kankan níbẹ̀ tó bá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ wí, wọ́n sì jọ̀wọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tó gbé lẹ́tà yìí yí ayé ká kò ju nǹkan méjì lọ: ó ń wọ inú ìwé orúkọ ẹni tó bá ṣí i, ó sì ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá bá níbẹ̀ ní orúkọ onílé. Ẹnikẹ́ni kì bá tí ṣí i bí ó bá jẹ́ láti ọwọ́ àjèjì. Orúkọ ọ̀rẹ́ ni wọ́n rí tí wọ́n fi na ọwọ́. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, fláàṣì ni ó gbé fáírọ́ọ̀sì rìn ju lẹ́tà lọ, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n, fláàṣì kò sì wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní bíńsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga rí yóò rántí bí ó ti máa ń rí ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń tẹ ìwé àṣekágbá wọn: fláàṣì kan á ti inú ẹ̀rọ yìí bọ́ sí tọ̀hún, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo fláàṣì tó wọ ibẹ̀ á ti kó nǹkan lọ sílé. Ọmọbìnrin kan á wá dé pẹ̀lú omijé lójú pé iṣẹ́ ọdún kan òun ti parẹ́, pé gbogbo fódà òun ti di àmì kéékèèké tí kò ṣí mọ́. A ó ní, “Àǹtí, ẹ nu ojú yín nù ná.” Iṣẹ́ náà kò lọ síbì kankan. Fáírọ́ọ̀sì náà kàn fi í pamọ́ ni, ó sì gbé ayédèrú dípò rẹ̀, kí ẹni tó bá tẹ ayédèrú náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí òun dìde nínú ẹ̀rọ mìíràn. Àṣẹ kan ṣoṣo ni à ń tẹ̀ láti ṣí ìbòjú kúrò, attrib ni wọ́n ń pè é, gbogbo fáìlì náà á sì yọjú padà; ẹni tó wọlé pẹ̀lú ẹkún á jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ Windows XP àti Vista, tó dá àṣà kí fláàṣì máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti kì í bọ inú ẹ̀rọ dúró, láti ìgbà náà ni ọwọ́ irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ẹ̀rọ tó gba àtúnṣe yìí nìkan ni mo ń sọ, nítorí àwọn tiwa kò gbà á. Windows ayédèrú ló kún inú ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó fi í síbẹ̀ sì ti pa ojú ọ̀nà tí àtúnṣe ń gbà wọlé, kí Microsoft má baà tú u fó. Ẹni tó tilẹ̀ ra ojúlówó, òun náà á pa á, nítorí dátà tí a fi owó rà ní gígá-gígá kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti máa mu. Ẹ wo ohun tí irú ìwà yìí dá sílẹ̀ ní ọdún 2017. Oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti fi àtúnṣe síta fún ihò kan nínú Windows. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n pè ní WannaCry gba inú ihò kan náà wọlé, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó ń béèrè 300 dọ́là ní owó Bitcoin kí ó tó ṣí i, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń dá aláìsàn padà sílé. Oògùn ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì kí àìsàn tó dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n arọ tó bá ní kí wọ́n má sọ fún òun mọ́, ogun á bá a nílé. Gbogbo èyí náà, a rí i ṣe: ẹ gba àtúnṣe, ẹ máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibòmíràn tí kò so mọ́ ẹ̀rọ, ẹ má sì ṣe gba sọ́fítíwía lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e wá, a ó pa á.

Ibi tí ọgbọ́n wa ti wá dópin ni èyí tó kàn. Màmá kan tó ń ta aṣọ gbé fóònù rẹ̀ wá, ìtìjú kò jẹ́ kó lè gbé ojú sókè. Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ dákun, ẹ bá mi fọ́máàtì ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ń fi fóònù yìí kọ̀wé sí àwọn àna mi pé olè ni mí.” Mo yẹ̀ ẹ́ wò tọkàntọkàn, n kò rí fáírọ́ọ̀sì kankan. Ohun tí mo rí ni áàpù kan tí wọ́n fi ń yá owó. Nígbà tí màmá fẹ́ gba owó náà, áàpù béèrè bóyá òun lè wo ìwé orúkọ inú fóònù. Màmá tẹ Allow, nítorí ọjà ń retí owó. Nígbà tí ó pẹ́ kí ó tó san owó náà padà, àwọn tó ni áàpù náà kọ̀wé sí ìyá ọkọ rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí oníbàárà rẹ̀, àní sí fọkanáísà tó lẹ táyà fún un nígbà kan. Mo lè pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù náà rẹ́ títí yóò fi dà bíi tuntun, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ náà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, n kò sì ní ẹ̀rọ tí mo fi lè fọ́máàtì orí àna. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiwa kì í tilẹ̀ dúró kí wọ́n la òun lẹ́nu, ó ń tẹ Allow.

Màmá yìí kò dá wà. Ní ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu mílíọ̀nù 10 náírà owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ ayánilówó kan lórí nítorí irú ìwà yìí; ní ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo àwọn tó ń fi fóònù yáni lówó; ní ọdún 2023 sì ni Google kà á léèwọ̀ fún áàpù ẹ̀yáwó láti wọ inú ìwé orúkọ àti àwòrán ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ dára. Síbẹ̀, ẹni tí a ti ka orúkọ àna rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, èwo ni òfin lè gbà jáde ní orí ẹni tó kà á?

Àwọn baba ńlá wa kò rí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ìmọ̀ nípa ènìyàn lè fi ènìyàn ṣe. Ẹni tó bá fá irun kì í fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá gé èékánná a máa kó o jọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀ ẹ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, aboyún kì í sì í ròyìn oṣù inú rẹ̀ láàárín ọjà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọn kì í fi orúkọ ìyá ẹni ṣeré, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọfọ̀ mú ènìyàn, orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ ni yóò kọ́kọ́ wá. Ẹni tó bá fẹ́ ka èyí sí ìgbàgbọ́ asán, kó rántí pé orúkọ ìdílé tí ìyá ẹni ti wá, kó tó lọ sílé ọkọ, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí àwọn báńkì fi ń dá oníbàárà wọn mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Báńkì àti babaláwo pàdé lórí orúkọ ìyá! Lónìí, ọmọ á gbé àwòrán ìyá rẹ̀ sórí Facebook ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, á kọ oríkì rẹ̀, á kọ ilé tí wọ́n ti fẹ́ ẹ, á kọ ọjọ́ àti ọdún tí wọ́n bí i, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á sì tò sísàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti kí i. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ki ìyá rẹ̀. Ẹni tó bí ni ni ó tọ́ kí a kì. Ṣùgbọ́n àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń ki ènìyàn tẹ́lẹ̀, níbi tí a ti mọ ẹni tó dúró àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ojúde tí gbogbo gbàjúẹ̀ ayé dẹ etí sí.

Gbàjúẹ̀ náà kò ní láti fọ́ ilé báńkì. Yóò pe ènìyàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò kí i ní orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, yóò pe ọjọ́ ìbí rẹ̀, yóò sì ní òun láti báńkì ni òun ti ń pè, pé káàdì rẹ̀ fẹ́ dúró, kó ka nọ́ńbà tó ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀ fún òun. Nítorí pé ó ti mọ ohun tí ó yẹ kí báńkì mọ̀, onítọ̀hún á gbà pé báńkì ni. Bákan náà ni wọ́n ń gba WhatsApp lọ́wọ́ ènìyàn: nọ́ńbà 6 tó wọlé sórí fóònù ni wọ́n ń béèrè, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti gba tirẹ̀ ṣáájú ni wọ́n sì fi ń béèrè rẹ̀. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Níbo ni gbàjúẹ̀ ti rí ọjọ́ ìbí àti orúkọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́? Ẹ ra àkàrà tàbí ẹ̀pà lójú títì, kí ẹ sì tẹ́ bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn sílẹ̀ kà; ẹ lè bá fọ́ọ̀mù tí ẹnìkan fi ṣí àkáǹtì níbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì àti ìbuwọ́lù rẹ̀. Ẹ lọ kí ènìyàn ní ọ́fíìsì, kí ẹ wo ìwé àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà géètì. Ẹ ó ka orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó ti wọlé ṣáájú yín. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń forúkọ síìmù sílẹ̀. Ní ọdún 2014 ni BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, dé. Ní òpin ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ síìmù. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni a ti tẹ ìka, tí a ya àwòrán, tí a sì fi ẹ̀dà ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé ojú òpó kan wà tó ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà. Àjọ NIMC, tó ń tọ́jú NIN, ní kò sí ẹni tó wọ inú ilé ìṣúra tòun. Ibi yòówù kí wọ́n ti rí i, iye owó tí wọ́n fi lé orí ènìyàn kò ju 100 náírà lọ.

Ó yẹ kí n sọ ti àwa oníṣẹ́ náà, nítorí kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bá dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, tí a bá sì tan án, a máa ń bá lẹ́tà olówó rẹ̀ àtijọ́ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé owó orí rẹ̀. Ó ti pa wọ́n rẹ́, tàbí ó rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá pa rẹ́ lórí dísìkì, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ sábà máa ń gbàgbé, ohun náà fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi jókòó lé e. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà lè rí nígbà tí a bá ta fóònù àtijọ́ láti fi ra tuntun. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di irin mú, ni pé ohun tí ojú rí nínú ẹ̀rọ oníbàárà, ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ọ́, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ mú u. Ọmọ tí kò bá lè pa á mọ́, ìbáà mọ iṣẹ́ bí ẹni tó dá a sílẹ̀, kò yẹ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọjà.

Òfin wà fún èyí lọ́dọ̀ ìjọba pẹ̀lú. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọwọ́ sọ̀yà pé a óò dáàbò bo ìdákọ́ńkọ́ ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Òfin Ààbò Dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ kan kó pa mọ́ nípa wa, ó sì pàṣẹ pé bí àṣírí wa bá tú lọ́wọ́ wọn lọ́nà tó lè pa wá lára, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Ṣùgbọ́n òfin dà bí àdá lókè àjà: ẹni tí kò bá na ọwọ́ mú un, igbó kò ní tìtorí rẹ̀ ṣí. Mélòó nínú wa ló ti béèrè rí?

Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo oògùn tí mo mọ̀. Ẹni tó bá ní ká mú NIN wá, kí ni ó fẹ́ fi ṣe? Ọwọ́ ta ni yóò wà? Ìgbà wo ni yóò dà á nù, báwo ni yóò sì ṣe dà á nù? A kò bú ẹnikẹ́ni bí a bá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ète rẹ̀ mọ́ á dáhùn, ẹni tí kò mọ́ á bínú, ìbínú rẹ̀ náà sì ti jẹ́ èsì. Bí ẹ̀rọ yín bá ń ṣe àìsàn, ẹ máa gbé e bọ̀, a ó wá oògùn fún un, a ó sì gba owó iṣẹ́ wa. Ìyókù kò sí lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ẹnìkan bá tún na fọ́ọ̀mù sí yín, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó mú bíró.